Bí A Ti Ń Ṣe Ọrun Alẹ̀pọ̀: Àpẹẹrẹ Àròkọ Ajẹmọ́-Ìsípayá

ÌBÉÈRÈ: Mú ohun èlò kan tí a ń fi ọwọ́ ṣe, kí o sì ṣàlàyé bí a ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Irú ìbéèrè yìí wọ́pọ̀ nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa sáré mú un nítorí wọ́n rò pé ó rọrùn. Ẹnì kan yóò kọ nípa bí a ti ń ro àmàlà, òmíràn nípa bí a ti ń hun apẹ̀rẹ̀, òmíràn nípa aṣọ àdìrẹ. Kò sí ohun tí ó burú nínú gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ jù lọ ni ó máa ń ṣàlàyé láìdára jù lọ. Iṣẹ́ náà ti mọ́ ọn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rántí pé ẹni tí ń ka ìwé rẹ̀ kò sí ní ìdí ààrò pẹ̀lú òun. Yóò kọ ọ́ pé, "Lẹ́yìn náà a ó rò ó títí yóò fi jinná," ó parí. Báwo ni a ti ń mọ̀ pé ó jinná? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Kò sọ ọ́. Máàkì tí ó yẹ kí ó gbà sì wà nínú ohun tí kò sọ yẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi mọ̀ọ́mọ̀ yan iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí kò fojú rí rí: ọrun gígùn ti ilẹ̀ England, èyí tí a fi abala igi mẹ́ta lẹ̀ pọ̀. Ní orí iṣẹ́ tí kò mọ́ wa lọ́wọ́, a kò lè fo ohunkóhun dá. Dandan ni kí a sọ ìdí tí èyí fi ṣáájú ìyẹn.

KÍ A TÓ KỌ Ọ́

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ní kété tí o bá ka ìbéèrè tán. Wá ohun tí gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé ná. Ní ti ọrun, ohun náà ni pé apá méjì ọrun kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Dìde dúró, kí o tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ó fẹ́ ṣa ohun kan nílẹ̀. Ìwọ yóò rí i pé awọ ẹ̀yìn rẹ fà le, ikùn rẹ sì ká jọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọrun ń ṣe nígbà tí a bá fà á. Igi tí ó lè nà láìya kì í sábà jẹ́ igi tí ó lè gba ìfúnpọ̀ láìrún. Bí o bá ti di èyí mú, ìwọ yóò mọ ìdí tí a fi ń wá oríṣìí igi jọ, ìdí tí a fi ń lẹ̀ wọ́n, àti ìdí tí a kì í fi fá ẹ̀yìn ọrun rárá. Ìpínrọ̀ rẹ yóò máa to ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni kí o kó kókó jọ sórí ìwé àjákù. Èyí ni díẹ̀ nínú èyí tí mo kó jọ fún àròkọ yìí.

Igi yew ni àwọn ará England fi ń ṣe ọrun láyé àtijọ́. Igi ìyanu ni, nítorí Ọlọ́run ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fúnra rẹ̀: apá funfun tí ó wà lẹ́bàá èèpo rẹ̀ ń nà dáadáa, apá pupa tí ó wà nínú sì ń gba ìfúnpọ̀. A kàn ń gbẹ́ ẹ kí funfun bọ́ sí ẹ̀yìn, kí pupa bọ́ sí inú ni. Nígbà tí wọ́n gbé Mary Rose, ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ tí ó rì ní ọdún 1545, jáde láti inú òkun ní ọdún 1982, wọ́n bá ọrun yew tí ó lé ní 130 nínú rẹ̀ tí wọn kò tíì ṣẹ́. Gígùn ọ̀pọ̀ wọn súnmọ́ mítà 2. Ṣùgbọ́n yew tí ó tọ́ tí kò sì ní kókó lára kò pọ̀. Láti ọdún 1472 ni òfin ti wà ní England pé ọkọ̀ tí ó bá kó ọjà wá láti òkè òkun gbọ́dọ̀ kó igi ọrun mẹ́rin dání fún tọ́ọ̀nù ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé igi àjèjì kì í ṣe àṣà tuntun nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn agbẹ́run ti ń lẹ igi méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ láti fi ṣe ohun tí yew ń dá ṣe. Igi lemonwood láti erékùṣù Cuba wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ràn nígbà tí ó yá.

Ọ̀wọ́n igi kò sì tíì tán nílẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìwé àṣẹ ni a fi ń kó pákó ipê, igi Brazil tí ẹ ó bá pàdé nísàlẹ̀, kọjá ẹnubodè, lábẹ́ àdéhùn àgbáyé tí a ń pè ní CITES. Ìpàdé kan náà tí ó fi ipê sínú àkọsílẹ̀ yìí ní ọdún 2022 ni ó fi igi osùn àti àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń hù ní Áfíríkà sí i. Ẹni tí ó bá gé ipê ní ìgékúgèé, ohun tí kò rọrùn láti tún rí ni ó ń fi ṣòfò.

Ǹjẹ́ gbogbo kókó wọ̀nyí ni a ó kọ sínú àròkọ? Rárá o. Bí a ti ń ṣe é ni ìbéèrè wí, kì í ṣe ìtàn. Ìtàn yew àti ti Mary Rose dùn mọ́ mi gan-an, síbẹ̀ gbólóhùn kan tàbí méjì ni ó tọ́ sí ìtàn nínú ìfáárà. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn yóò rí "ọrun àti ọfà," yóò sì ṣí lọ sọ́dọ̀ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, yóò sọ bí wọ́n ti ń fi ọrun àti ọfà ṣe àmì rẹ̀ títí dé Brazil àti Cuba, yóò tibẹ̀ kọjá sórí àwọn ọdẹ ìlú rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì lè dùn, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wé yóò fa ìlà pupa sí i.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Bí a ti ń ṣe ọrun gígùn alẹ̀pọ̀

Ọrun gígùn ni àwọn ọmọ ogun England fi jà ní Crécy ní ọdún 1346 àti ní Agincourt ní ọdún 1415. Lónìí, eré ìdárayá ni wọ́n ń fi í ṣe. Oríṣìí rẹ̀ kan wà tí a kì í fi igi kan ṣoṣo gbẹ́. Abala igi mẹ́ta ni a ń lẹ̀ mọ́ ara wọn gbọn-in kí a tó gbẹ́ ẹ. Ọrun alẹ̀pọ̀ ni mo pe èyí, bí a sì ti ń ṣe é ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹni tí yóò ṣe ọrun yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ sí inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni apá tí ó kọjú sí ibi tí a ń ta ọfà sí. Inú ni apá tí ó kọjú sí tafàtafà. Nígbà tí a bá fa ọsán, ẹ̀yìn a máa nà, inú a sì máa fún pọ̀. Nítorí náà, igi tí ń nà láìya ni a ń fi sí ẹ̀yìn, igi líle tí kì í rún ni a ń fi sí inú, a ó sì fi ẹ̀kẹta sí àárín.

Igi hickory láti Amẹ́ríkà dára fún ẹ̀yìn. Òun ni wọ́n fi ń ṣe èèkù àáké níbẹ̀, nítorí bí ó ti wù kí a fi lu nǹkan tó, kì í tètè ṣẹ́. Àwọn mìíràn a máa lo ọparun dípò rẹ̀, nítorí okun ọparun pọ̀ sí ìhà èèpo rẹ̀, níbi tí fífà náà ti pọ̀ jù lọ. Ipê ni a ó fi ṣe inú. Igbó Brazil àti ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká ni a ti ń rí i, ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń rì bí a bá sọ ọ́ sínú omi. Wọ́n ń fi í tẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta gbangba ní England àti ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta pákó ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ agbẹ́run ti ń ṣà á. Purpleheart, igi Guyana àti Brazil, ni ti àárín. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, àwọ̀ rẹ̀ kò fani mọ́ra, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án fún ọjọ́ díẹ̀, yóò di elése àlùkò. Ẹni tí ó bá fẹ́ àwọ̀ pupa lè lo padauk, igi igbó Kamẹrúùnù àti Gabon, tí ó jẹ́ ìbátan igi osùn tiwa. Ẹwà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ igi àárín, nítorí kì í nà púpọ̀, kì í sì í fún pọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá fi igi aláràbarà sí ẹ̀yìn nítorí ẹwà, tí kò bi í léèrè bóyá ó lè nà, ọrun rẹ̀ yóò ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí a tó san owó igi, a ó yẹ ìlà ara rẹ̀ wò, pàápàá jù lọ ti ẹ̀yìn. Ìlà wọ̀nyí gbọ́dọ̀ lọ tààrà láti orí pákó dé ìdí rẹ̀. Bí ìlà bá ṣẹ́rí jáde ní ẹ̀gbẹ́ pákó, ibẹ̀ ni ọrun yóò ti ya. A kì í mú èyí tí ó ní kókó. Igi náà sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Omi inú rẹ̀ kò yẹ kí ó ju ìdá 10 nínú 100 lọ, nítorí hickory tí ó bá rin a máa lọ́ra láti padà sí ipò rẹ̀ bí a bá fà á tán.

Lẹ́yìn èyí, a ó fi ayùn la igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gígùn ẹsẹ̀ bàtà 6 àti díẹ̀, kí ìbú wọn jẹ́ mìlímítà 35. A ó fi ìfági fá ẹ̀yìn títí yóò fi nípọn tó mìlímítà 5 láti orí dé ìdí, àárín yóò jẹ́ mìlímítà 6. Inú yóò nípọn tó mìlímítà 20 ní ibi ìdìmú, yóò sì máa tín-ín-rín lọ títí yóò fi ku 10 ní orí méjèèjì. Nígbà tí a bá gbé abala méjì léra, tí a sì gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ gba àárín wọn yọ. Gúlù kì í dí ihò. Ohun tí ó fẹnu kora ni ó ń mú. A ó fi aṣọ bo imú wa ní gbogbo àkókò yìí, nítorí ìyẹ̀fun ipê àti ti padauk a máa yún ènìyàn lọ́fun, a sì máa ta ojú.

Ó wá kan lílẹ̀. Òróró wà lára ipê àti padauk, gúlù kì í sì í mú ibi tí òróró bá wà. Nítorí náà, a ó fi aṣọ tí a rì sínú acetone nù ún dáadáa, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ kí a tó fi gúlù sí i, kí òróró mìíràn má baà sun jáde. A ó ti gbẹ́ pákó gbọọrọ kan sílẹ̀, tí àárín rẹ̀ fi ínṣì 2 ga ju orí rẹ̀ méjèèjì lọ. Orí rẹ̀ ni a ó tẹ́ abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí pẹ̀lú gúlù wọn, kí ẹ̀yìn ọrun kọjú sí ìsàlẹ̀. Abala tín-ín-rín kò le láti tẹ̀, ṣùgbọ́n bí gúlù bá ti gbẹ, wọn kò ní lè yọ̀ lára ara wọn mọ́, wọn yóò sì dúró bí a ti tẹ̀ wọ́n. Báyìí ni orí ọrun yóò fi tẹ̀ síwájú díẹ̀, kúrò lọ́dọ̀ tafàtafà, kí ó lè ní okun nígbà tí a bá ń fà á. Tíúbù kẹ̀kẹ́ tí a gé ní gbọọrọ-gbọọrọ ni a ó fi wé e mọ́ pákó náà. Àárín ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó máa wé e lọ sí ọ̀tún àti sí òsì, a ó máa fà á le. Gúlù gbọ́dọ̀ máa sun jáde díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan àti ìkejì láti orí dé ìdí. Ibi tí kò bá ti sun, kò dájú pé ó lẹ̀. A ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó kéré tán.

Bí a bá tú tíúbù náà, a ó há gúlù tí ó gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, a ó sì fa ìlà kan sí àárín ọrun láti orí dé ìdí. Ibi ìdìmú yóò jẹ́ ínṣì 4 ní àárín gbùngbùn. Láti ibẹ̀ ni a ó ti máa dín ìbú rẹ̀ kù lọ sí orí méjèèjì, títí yóò fi ku nǹkan bíi mìlímítà 12. A ó fi ìfági àti fáìlì yí inú rẹ̀ po bí ẹ̀yìn ìka, ṣùgbọ́n a ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ ní pẹrẹsẹ. Etí ẹ̀yìn nìkan ni a ó yí díẹ̀. A kì í fá ojú ẹ̀yìn mọ́ láti ìgbà yìí lọ, nítorí ìlà kan tí a bá gé já níbẹ̀ tó láti ya gbogbo ọrun. Nínú ìdíje ní ilẹ̀ England, nínípọn ọrun kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 5 nínú 8 ìbú rẹ̀ níbikíbi. Bí ó bá pẹlẹbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò ní kà á sí ọrun gígùn.

Iṣẹ́ tí ó gba sùúrù jù lọ ni kíkọ́ ọrun láti tẹ̀. A ó gé ojú ọsán sí orí méjèèjì, a ó so okùn gígùn kan mọ́ ọn, a ó gbé ọrun kọ́ ara ògiri ní ibi ìdìmú rẹ̀, a ó sì gba okùn mìíràn yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí ó wà nísàlẹ̀, kí a lè dúró lókèèrè máa fà á. Ínṣì díẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ fà. A ó wo apá rẹ̀ méjèèjì: ǹjẹ́ wọ́n tẹ̀ bákan náà? Ǹjẹ́ ibì kan wà tí ó ṣẹ́po nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ gbagidi? Ibi tí ó tọ́ ni a ó fi pẹ́ńsù sàmì sí, ibẹ̀ ni a ó sì fá lára inú rẹ̀. Ibi tí ó ti tẹ̀ jù ni a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Fífá náà sì gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, nítorí bí a bá dín nínípọn igi kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, líle rẹ̀ yóò dín kù ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Kò sí bí a ti lè dá a padà. Lẹ́yìn fífá kọ̀ọ̀kan, a ó fa ọrun náà díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà 20 tàbí 30 kí a tó tún wò ó, nítorí igi kì í tètè sọ ohun tí a ṣe fún un. Bí a bá ń fẹ́ ọrun tí yóò gba agbára páùn 45, a kò ní fà á kọjá ibi tí òṣùwọ̀n bá ti ka 45, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ínṣì 15 péré ni ó tíì dé. A ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó fá a, a ó tún gbé e kọ́. Báyìí ni a ó ṣe títí yóò fi dé ínṣì 28 pẹ̀lú páùn 45, tí yóò sì tẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ó lè gba ọjọ́ kan, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá rí ìlà wínníwínní tí ó dábùú inú ọrun, igi ibẹ̀ ti ń rún nìyẹn. Bí a bá rí èérún tí ó dìde ní ẹ̀yìn, ó ti fẹ́ ya. Ní ìgbà méjèèjì, fífà gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ọrun tí ó bá ṣẹ́ ní fífà lè fọ́ ènìyàn lójú.

Ìwo màlúù tàbí ti ẹfọ̀n ni a ń fi bo orí méjèèjì. A ó lu ihò sínú ìwo náà, a ó gbẹ́ orí ọrun ṣóńṣó bí ẹnu pẹ́ńsù kí ó lè wọ inú ihò náà dẹ́dẹ́, a ó fi gúlù mú un, a ó sì fi fáìlì la ojú ọsán sí i. Okùn Dacron ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣe ọsán nísinsìnyí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń fi ìda pa. Iṣẹ́ ọsán kò kéré, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ọsán já, ọrun dọ̀pá. Bí a bá fi ọsán kọ́ ọrun, a ó di ẹ̀ṣẹ́, a ó na àtàǹpàkò sókè, a ó gbé e sí ibi ìdìmú: àlàfo tí ó wà láàárín ọrun àti ọsán gbọ́dọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó kù kò pọ̀. A ó fi sáńpépà dán an, a ó fi òróró tàbí fáníìṣì pa á ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ọ̀rinrin má baà wọlé, a ó sì fi awọ wé ibi ìdìmú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa ọrun náà kí ó sì tú ọsán sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀, nítorí agbára tí ọfà ìbá gbé lọ yóò padà sínú igi. Bí eré bá parí, a ó tú ọsán rẹ̀, a ó sì gbé ọrun kọ́ sí ibi tí oòrùn àti òjò kò lè dé.

ÀLÀYÉ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

Ẹ wo bí "kí a tó," "lẹ́yìn èyí," "bí a bá ti" àti "títí yóò fi" ti ń fa ìpínrọ̀ kan sínú èkejì. Kò sí "èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta" níbẹ̀. N kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n àròkọ tí ó bá fi í rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀ a máa dà bí ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù. Ẹ wo "nítorí" pẹ̀lú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìpínrọ̀ tí kò sí. Bí mo bá gba ìwé akẹ́kọ̀ọ́ lórí irú ìbéèrè yìí, "nítorí" ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, mo sì máa ń mọ ibi tí máàkì rẹ̀ yóò dé kí n tó kà á tán.

Kì í ṣe pé gbogbo ìpínrọ̀ gùn bákan náà. Èyí tí ó sọ̀rọ̀ lórí kíkọ́ ọrun láti tẹ̀ ni ó gùn jù, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Dídán àti fífi òróró pa, gbólóhùn kan ti tó wọn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ṣe òdì kejì èyí: wọn á lo ojú ewé kan lórí bí wọ́n ti lọ ra èlò lọ́jà, wọn á wá fi ìlà méjì pa iṣẹ́ gan-an dé. Òwe kan ṣoṣo ni ó wà nínú àròkọ náà, ibi tí ọ̀rọ̀ ọsán wà ni ó sì bọ́ sí. Àròkọ náà parí níbi tí a gbé ọrun kọ́. Kò kí olùyẹ̀wé, kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ó ka ìwé òun.

Ó ku ọ̀rọ̀ àmì ohùn, èyí tí ó lè sọ àròkọ yìí di ẹ̀rín. Ọrun ni a ń fi ta ọfà. Ọ̀run ni ibùgbé àwọn tí ó ti kú. Ọrùn ni ó gbé orí dúró. Ọsán ni okùn ọrun. Ọ̀sán ni ìgbà tí oòrùn wà lókè. Ọsàn ni a ń bó jẹ. Ọfà ni ohun tí a ń ta. Ọ̀fà ni ìlú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé "a ó fi ọsàn kọ́ ọrùn" ti gbé èso kọ́ ẹnì kan lọ́rùn nìyẹn. Bí àkókò bá kù díẹ̀ kí a gba ìwé, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni kí o kọ́kọ́ padà wò.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Nínú àpẹẹrẹ àròkọ òkè yìí, kí ni ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fá ojú ẹ̀yìn ọrun lẹ́yìn tí a ti lẹ̀ ẹ́? Fi gbólóhùn méjì tìrẹ dáhùn.

2. Sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí agbẹ́run bá fi ipê sí ẹ̀yìn, tí ó fi hickory tí kò gbẹ sí inú, tí kò sì nu òróró kúrò kí ó tó lẹ̀ wọ́n. Kọ ọ́ ní ìpínrọ̀ kan ṣoṣo.

3. Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (a) bí a ti ń gbẹ́ odó, (b) bí a ti ń fi awọ bo ìlù, (d) bí a ti ń mọ ìkòkò. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, kọ gbólóhùn kan sórí ìwé àjákù tí ó sọ ohun tí gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé.